Ojúewé Kejìlá

Ìwé ńlá kan wà nílé ìjọsìn Grásteinsvík,
ní erékùṣù Fáróè tí òjò ti ń rọ̀ níbùú.
Awọ àgùntàn ni èèpo rẹ̀, òórùn ẹja ni inú rẹ̀.
Ojúewé kan fún ọjọ́ kan, láti Ṣẹ́rẹ́ títí dé Ọ̀pẹ.
Wọn ò fi ọdún tò ó, ọjọ́ ni wọ́n fi tò ó:
ẹni tó kú láyé bàbá ńlá wa
àti ọmọ tí wọ́n bí lánàá
lè jọ máa fèjìká kan ara wọn níbẹ̀.

Ṣí i sí ọjọ́ kọkànlá oṣù Èrèlé.
Ó kún dẹ́nu.
Ọkọ̀ Jákup dojú dé, ọkùnrin méje;
òkun dá bàtà kan padà,
kí wọ́n má baà sọ pé ahun ni òun.
Lábẹ́ rẹ̀, yíǹkì mìíràn, ọwọ́ mìíràn:
iná mànàmáná kọ́kọ́ tàn nílé ìwé,
àwọn ọmọdé bú sẹ́kún.
Àdó olóró ìgbà ogun gúnlẹ̀ sí etíkun;
Óluva arúgbó fi aṣọ bò ó nítorí òjò,
ó ṣe bí garawa ọ̀rá ni. Kò bú.
Lẹ́yìn náà, ìlà tó kúrú ju gbogbo wọn lọ:
A bí ọmọkùnrin fún Súsanna. Hallur.

Ìbejì mi nìyẹn. Èmi ò sí níbẹ̀.

Agogo mọ́kànlá ààbọ̀ òru ti kọjá
nígbà tí Hallur jáde wá tọ́ ayé wò.
Ó ké, ó ní ó tutù.
Mo jókòó sínú, mo ń ro ọ̀rọ̀ náà.
Nígbà tí mo máa yọrí, Armgarð agbẹ̀bí wo aago ara ògiri,
ó ní ọjọ́ ti yí.
Bí wọ́n ṣe gbé mi sí ojúewé kejìlá nìyẹn,
ojúewé funfun báláú:
ẹnikẹ́ni ò rì níbẹ̀ rí, iná kankan ò tàn.
Eydna, ọmọbìnrin. Ó tán.

Ó máa ń dùn mí nígbà èwe.
Lọ́jọ́ ìbí Hallur, gbogbo abúlé á lọ sétí òkun
pẹ̀lú àbẹ́là méje, bàbá wa á ká fìlà sọ́wọ́.
Títí ó fi pé ọmọ ọdún méje,
Hallur rò pé tòun ni àbẹ́là wọ̀nyẹn,
pé wọ́n kàn máa ń ṣì í kà ni.
Lọ́jọ́ tèmi, kéèkì àná ni mò ń jẹ.
Mo bẹ̀ ẹ́ kó ta díẹ̀ fún mi nínú ọjọ́ rẹ̀.
Ó ronú. Ó ní, “Mú bàtà yẹn.”

Kì í ṣe òkun ló mú un.
Ẹ̀dọ̀fóró ni, ní ọsibítù Tórshavn,
ọdún kẹtàlélógójì wa.
Ó lo ọjọ́ kọkànlá tán pátápátá,
ó ń bi nọ́ọ̀sì ní aago, ó tún ń bi í,
ó ní, “Ojúewé yẹn ti kún jù.”
Agogo kan òru kò tí ì lù nígbà tó lọ.

Pásítọ̀ gbé ìwé náà wá bá mi nílé, ó na kálàmù sí mi.
Orúkọ mi wà lókè,
gbogbo funfun ìsàlẹ̀ ń wò mí.
Mo kọ ọ́.
Ọwọ́ mi gbọ̀n níbi lẹ́tà méjì tó jọra.

Ohun tí mi ò sọ fún pásítọ̀ rèé:
aago ara ògiri yẹn máa ń fi ogún ìṣẹ́jú yá.
Bàbá wa ló yí i síwájú kó má baà pẹ́ dé ìdí ọkọ̀.
Màmá ló sọ fún mi, níbi tó ti ń bó ànàmọ́, bí ẹni pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.
Ó ṣeé ṣe kí n jẹ́ ọmọ ọjọ́ kọkànlá,
kí n ní ọkùnrin méje, kí n ní iná, kí n ní àdó olóró,
ohun tí mo fi gbogbo èwe mi sunkún lé.

Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí wọ́n tún un kọ,
Hallur nìkan ni yóò ṣẹ́kù sí ojúewé funfun yẹn,
ẹ sì mọ̀ pé òtútù máa ń mú un.